Ẹ́ńjìnnì fọ́kílíìfù àtijọ́ ti kọṣẹ́: ṣé kí ẹ tún un ṣe ni, kí ẹ ra tòkunbọ̀, àbí kí ẹ gbé òmíràn sí i?

Ọ̀pọ̀ fọ́kílíìfù tó ń gbẹ́rù ní àwọn ilé ìkẹ́rùsí kòkó, ibùdó sìmẹ́ńtì tí wọ́n ń pè ní dípò àti sọ́mìlì káàkiri Àkúrẹ́, ìlú Oǹdó àti Òrè ló dàgbà ju ọmọkùnrin tó ń wà á lọ. Tòkunbọ̀ ni wọ́n. Wọ́n ti lò wọ́n gbó lókè òkun kí wọ́n tó kó wọn wọ ọkọ̀ ojú omi wá sọ́dọ̀ wa. Irin ara wọn ṣì le koko, irin méjì tí wọ́n fi ń gbẹ́rù níwájú kò tíì tẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì wọn a máa dá ọ̀gá lágara. Bó bá wá dákẹ́ pátápátá, ọ̀nà mẹ́rin ló wà: kí wọ́n tú u palẹ̀ kí wọ́n tún un ṣe, kí ẹ ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ irú kan náà, kí ẹ ra òkú fọ́kílíìfù kan kí ẹ máa yọ nǹkan lára rẹ̀, tàbí kí ẹ gbé ẹ́ńjìnnì irú mìíràn sí i. Mẹkáníìkì kọ̀ọ̀kan ló ní èyí tó mọ̀ ọ́n ṣe jù, èyí tó mọ̀ ọ́n ṣe jù náà ni yóò sì sọ pé ó dára fún yín. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ ti mọ ohun tí ẹ ń wá kí ẹ tó pè é.

Ohun tí ẹ ó fi wọ̀n ọ́n

Èyí tó ṣáájú ni irú ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀, torí pé orúkọ ara fọ́kílíìfù kì í ṣe orúkọ ẹ́ńjìnnì. Fọ́kílíìfù aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n kọ Caterpillar sí lára, ẹ́ńjìnnì Mitsubishi ló sábà máa ń wà níkùn rẹ̀, nítorí pé láti 1992 ni ilé-iṣẹ́ méjèèjì ti jọ ń ṣe fọ́kílíìfù pọ̀. Hyster lè gbé Perkins, ó lè gbé Mazda, ó lè gbé Yanmar. TCM lè gbé Isuzu tàbí Nissan. Ẹni tó bá lọ sí ọjà tó ní òun ń wá "ríìngì Caterpillar" á rìn títí bàtà rẹ̀ á fi jẹ.

Ẹ kọ́kọ́ ka pátákó irin kékeré tó wà nítòsí ìjókòó awakọ̀. Lára Toyota, 7FG25 túmọ̀ sí ìran keje, fọ́kílíìfù oníbẹntiróòlù, tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀; bí D bá wà ní ipò G, dísẹ̀lì ni. Lára Hyster, H50 ń sọ pé ó lè gbé 5,000 páùn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ara bulọ́ọ̀kù. Gíríìsì àti eruku ọdún gbọọrọ ti bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ rẹ àkísà sínú kẹrosíìnì, ẹ nù ún, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ojú rẹ̀, kí ẹ wá fi ṣọ́ọ̀kì funfun pa á. Ṣọ́ọ̀kì á wọnú ibi tí wọ́n tẹ̀, nọ́ńbà á yọ gedegbe. Ẹ yà á ní fọ́tò. Fọ́tò yẹn wúlò ju gbogbo àlàyé tí mẹkáníìkì lè ṣe lórí fóònù lọ.

Bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù tó ṣe pàtàkì: ṣé ẹ́ńjìnnì yìí ní ìbátan lójú títì wa? Toyota 4Y, oní 2,237 cc, wà nínú Hilux àtijọ́. 5K wà nínú LiteAce. Perkins 4.236 wà nínú tirakítọ̀ Massey Ferguson, ó sì wà nínú jẹnẹrétọ̀ tí kò lóǹkà. (Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni sílíńdà mẹ́rin, 236 ínǹṣì kúbíìkì, lítà mẹ́rin ó dín díẹ̀ nìyẹn.) Ẹni tó bá ní ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí ti bọ́ lọ́wọ́ ìdajì wàhálà. Àmọ́ Toyota 1DZ àti Mitsubishi S4S, ẹ́ńjìnnì iṣẹ́ ni wọ́n. Ẹ kò ní rí wọn nínú mọ́tò kankan ní Ọ̀yẹ́mẹ́kùn, ní Àkúrẹ́. Láàárín méjèèjì ni Nissan K21 àti K25 àti Isuzu C240 wà: wọn kì í ṣe ẹ́ńjìnnì mọ́tò tí ẹ máa ń rí, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe fọ́kílíìfù ní Ṣáínà ń lò wọ́n, nítorí náà ẹ̀yà ara wọn tuntun ṣì wà lọ́jà. Ti Ṣáínà gan-an tí wọ́n ń pè ní 490 náà wà níbẹ̀: sílíńdà mẹ́rin, ojú kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mílímítà 90.

Ohun kejì ni iye tí ìdúró ń ná yín. Àpò kòkó jẹ́ kílò 62.5, àpò 16 ló ń di tọ́ọ̀nù kan. Fọ́kílíìfù oní tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀ lè gbé bí àpò 35 lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú pálẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bó bá dákẹ́, alábàárù ni yóò gbé e lórí, àpò àpò ni wọ́n sì ń gbowó. Ẹ ṣírò owó alábàárù ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó sọ pé ọ̀nà kan wọ́n ju èkejì lọ.

Ẹ̀kẹta kan àwọn oníkòkó nìkan: kòkó máa ń fa òórùn mọ́ra. Ẹni tó ń kó o lọ sókè òkun kò ní gba èyí tó bá ń rùn èéfín. Ẹ́ńjìnnì tó ń tú èéfín dúdú nínú ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n ti wíńdò rẹ̀ pa kì í ṣe ẹ́ńjìnnì tó ń fi epo ṣòfò nìkan, ó lè ba ọjà jẹ́, ó sì lè ṣe àwọn ọmọ iṣẹ́ ní jàǹbá. Onísọ́mìlì tí ìta gbangba ni tirẹ̀ lè fara da èéfín díẹ̀. Oníkòkó kò gbọ́dọ̀ gbà á.

Kí ẹ tó pè é lókùú, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn agbára ìfúnpọ̀ (compression) tó wà nínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Mo ti rí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fẹ́ tú tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ń wọnú ọ̀nà dísẹ̀lì rẹ̀, àti èyí tí kábúrétọ̀ rẹ̀ kàn dí.

Kí wọ́n tú u palẹ̀, kí wọ́n tún un ṣe

Ọ̀nà yìí ni mo fọwọ́ sí jù fún ẹ́ńjìnnì tó ní ìbátan lójú títì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n ti jẹ lówó nídìí rẹ̀, ibì kan náà ló sì sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀: mẹkáníìkì a tú u lọ́jọ́ Ajé, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti kọ lísìtì. Ríìngì, bẹ́ríìnì, písítìnì, gáskẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ pátá. Ẹ má tíì rà á. Kiránkì, ọ̀pá tí àwọn písítìnì ń yí, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lọ̀ ọ́. Òun ni yóò wọ̀n ọ́n, tí yóò sọ iye tí òun máa gé kúrò: 0.25 mílímítà, 0.50, 0.75, tàbí 1.00 tó jẹ́ òpin fún ọ̀pọ̀. Àwọn ará ọjà á pè é ní "ten", "twenty", "thirty", "forty". Iye tó bá gé ni bẹ́ríìnì tí ẹ ó rà yóò bá mu. Ẹ yí ẹ̀yìn bẹ́ríìnì padà kí ẹ tó sanwó, wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀: STD (ìwọ̀n àtilẹ̀wá, tí wọn kò tíì gé nǹkan kan), 0.25, 0.50. Bí páálí bá ń sọ ọ̀kan tí ẹ̀yìn bẹ́ríìnì ń sọ òmíràn, ẹ̀yìn bẹ́ríìnì ni kí ẹ gbà gbọ́.

Bákan náà ni ti sílíńdà. Bí ojú rẹ̀ bá ti jẹ, wọ́n á tún un gbẹ́ kó yípo dọ́gba, ẹ ó sì ra písítìnì tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ti Perkins 4.236 rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ó ní ọwọ̀n sílíńdà tí wọ́n lè fà yọ kí wọ́n fi tuntun rọ́pò. Ìdánwò kan wà tí ẹ lè fojú ara yín rí: kí mẹkáníìkì fi ríìngì tuntun sínú sílíńdà láìsí písítìnì, kó fi orí písítìnì tì í wọlẹ̀ kó lè tẹ́jú, kó wá ki irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo bọ ibi tí ẹnu ríìngì ti pàdé. Bí ẹnu bá kan ara wọn, ríìngì á gbóná, á wú, á sì ha sílíńdà tuntun yẹn. Bí àlàfo bá fẹ̀ jù, ọ́ìlì ni yóò máa jó. Mẹkáníìkì tí kò bá ní irin ìwọ̀n yìí, tó ń fi ojú lásán wò ó, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ gbé ẹ́ńjìnnì yín lọ.

Àwọn tó ń gbẹ́ sílíńdà àti àwọn tó ń lo léètì wà ní Àkúrẹ́. Bí iṣẹ́ kiránkì bá wá le, Ìbàdàn tàbí Bìní kò jìnnà jù. Nípa ẹni tí ẹ ó pè: fún Perkins, mẹkáníìkì tirakítọ̀ tàbí ti jẹnẹrétọ̀ ńlá ló mọ̀ ọ́n ju mẹkáníìkì mọ́tò lọ. Fún 4Y, ẹni tó ti ń tún Hilux ṣe láti ìgbà tí kò tíì sí brainbox (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì) ni kí ẹ wá. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí mọ kọ̀ǹpútà, wọn kò mọ kábúrétọ̀.

Fún ẹ́ńjìnnì tí kò ní ìbátan, nọ́ńbà ẹ̀yà ara lẹ ó fi rà á, kì í ṣe orúkọ. Nọ́ńbà Toyota fún fọ́kílíìfù sábà máa ń parí sí -71. Bí ontàjà bá fún yín ní nọ́ńbà tí kò ní i, ẹ bi í léèrè bóyá ti mọ́tò ló ń tà. Nissan kò sí lórí fọ́kílíìfù tuntun mọ́: iṣẹ́ fọ́kílíìfù rẹ̀ àti TCM di UniCarriers, ní 2017 ó sì bọ́ sábẹ́ Mitsubishi Logisnext, nítorí náà gbogbo orúkọ wọ̀nyí ni kí ẹ fi wá ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnnì Nissan H20 tàbí K21. Àwọn tó ń kó ẹrù láti Ṣáínà ń bá èèyàn ra irú rẹ̀. Ti ọkọ̀ òfuurufú yá ṣùgbọ́n ìwọ̀n kílò ló ń pa owó. Ti ọkọ̀ ojú omi kò wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ ó dúró. Ríìngì àti gáskẹ́ẹ̀tì fúyẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fò.

Iṣẹ́ títúnṣe kì í gba gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn sì jẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tí owó rẹ̀ ń wọlé ní ìgbà kòkó nìkan. Ohun tó ń jẹ ni àkókò. Bí wọ́n bá parí rẹ̀, ẹ má gbé ẹrù tó kún ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 50 àkọ́kọ́.

Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀

Ládípọ̀ ní Múṣin àti Owódé Onírin lójú ọ̀nà Ìkòròdú ni ọ̀pọ̀ ń lọ. Uwelu ní Bìní sún mọ́ Àkúrẹ́ ju méjèèjì lọ. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé ẹ lè gbé e wálé lónìí kó sì máa ṣiṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ohun tí kò dára ni pé ohun tí ẹ kò mọ inú rẹ̀ lẹ ń rà. Ontàjà á ní, "Ọ̀gá mi, ẹ́ńjìnnì yìí kò tíì mu epo Nàìjíríà rí." Ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ wá ní kó fún yín ní sípánà.

Ẹ fi sípánà yí kiránkì pẹ̀lú ọwọ́. Kò gbọ́dọ̀ há, kò sì gbọ́dọ̀ yí fúyẹ́fúyẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì tàbí nọ́sù kan, kí ẹ tan iná wo inú sílíńdà bóyá ó ti dípẹtà. Ẹ fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ: bí ọ́ìlì bá pọ́n bíi tíì tó ní mílíìkì, omi ti wọ̀ ọ́, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá gbà láti tan án nílẹ̀, ẹ ṣí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí. Èéfín díẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n bó bá ń fẹ́ jáde púú púú, ríìngì ti lọ, ẹ ó kàn gbé ìṣòro Èkó wá sí Àkúrẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ ńlá tó kù níbí ni ti ẹni tó ra 4Y Hilux láti fi sí fọ́kílíìfù. Ikùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ìta wọn kò jọra. Ẹ má ta ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kúrò nílẹ̀, torí láti ara rẹ̀ lẹ ó ti yọ ọpọ́n ọ́ìlì, kábúrétọ̀, fúláìwíìlì àti gọ́fánà. Gọ́fánà ni kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀wẹ̀sì nígbà tí pọ́ǹpù háídírọ́líìkì bá ń gbẹ́rù sókè, òun náà ni kì í jẹ́ kó sáré kọjá ààlà nígbà tí ẹrù bá kúrò. Ti Hilux kò ní i. Lẹ́yìn èyí ni fáànù. Fáànù mọ́tò ń fa afẹ́fẹ́ wọlé láti iwájú, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ni rèdíétọ̀ ọ̀pọ̀ fọ́kílíìfù wà, tí fáànù rẹ̀ sì ń ti afẹ́fẹ́ jáde. Bí ẹ bá fi fáànù Hilux sílẹ̀ níbẹ̀, ooru ẹ́ńjìnnì á máa padà sórí ẹ́ńjìnnì àti sí ẹsẹ̀ awakọ̀. Wọ́n á wá máa pààrọ̀ rèdíétọ̀, máa pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì, láìmọ̀ pé fáànù lásán ni.

Owó rẹ̀ ń tẹ̀lé dọ́là, ó sì ti fò sókè gan-an láti oṣù kẹfà 2023 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀. Ẹ̀rí tí wọ́n ń fún yín kì í ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. Kí ẹ gbé e padà láti Àkúrẹ́, gba Òrè lọ sí Èkó, kí ẹ máa bá èèyàn jà ní ọjà, owó ọkọ̀ yẹn nìkan tó èrè ontàjà.

Òkú fọ́kílíìfù

Èyí dára fún ẹni tó ní fọ́kílíìfù méjì irú kan náà tó sì ní ààyè nílẹ̀. Ẹ ra ẹ̀kẹta tí ara rẹ̀ ti bàjẹ́ ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì dára, ẹ ó rí pọ́ǹpù, sítíà, rèdíétọ̀ àti táyà níbẹ̀. Fún ẹ́ńjìnnì bíi 1DZ tàbí S4S, ó lè jẹ́ òun ni ó dín owó jù. Ẹ kàn rí i pé nọ́ńbà ara wọn bá ara mu, kì í ṣe àwọ̀ wọn. Ẹni tó ní ẹyọ kan tí ilẹ̀ rẹ̀ kò sì tó, kó má dán an wò.

Ẹ́ńjìnnì irú mìíràn

Àwọn wẹ́dà wa gbọ́n, n kò bá wọn jiyàn. Wọn á gé, wọn á jó, ẹ́ńjìnnì á wọlé. Ṣùgbọ́n fọ́kílíìfù kì í ṣe mọ́tò. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló ń yí pọ́ǹpù háídírọ́líìkì. Bí ojú ibi tí ẹ́ńjìnnì ti pàdé gíà bá wọ́ díẹ̀, sílì á máa já lójoojúmọ́. Ìwúwo ẹ́ńjìnnì náà wà lára ohun tó ń di ẹ̀yìn rẹ̀ mú kó má bàa dojú dé nígbà tó bá gbẹ́rù, nítorí náà ẹ́ńjìnnì tó fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dín ẹrù tó yẹ kó gbé kù, pátákó irin yẹn kò sì ní mọ̀.

Ìgbà kan ṣoṣo tí mo lè gbà á ni bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe fọ́kílíìfù náà bá ti gbé ẹ́ńjìnnì méjèèjì sí irú kan náà rí. Àwọn ti Ṣáínà pọ̀ tó jẹ́ pé ọ̀kan lè wá pẹ̀lú 490, òmíràn pẹ̀lú C240. Ohun ìdímú rẹ̀ ń bẹ lọ́jà, kò sí pé ẹnì kan ń fojú wọ̀n ọ́n.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ní ti owó, títúnṣe àti òkú fọ́kílíìfù ló sábà máa ń dín jù, tòkunbọ̀ wà lágbedeméjì. Ẹ́ńjìnnì irú mìíràn a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó kékeré, kì í sì í parí bẹ́ẹ̀. Ní ti yíyá, kò sí èyí tó tó tòkunbọ̀. Ní ti pípẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ìwọ̀n tún ṣe ló ta gbogbo wọn yọ.

Oníkòkó tó ní Perkins tàbí 4Y, tí ìgbà òjò ti mú iṣẹ́ dínkù, kó tú u palẹ̀ nísinsìnyí, kó tó di oṣù kẹwàá tí kòkó á bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. Bó bá jẹ́ àárín ìgbà kòkó gan-an ló kú, kó ra tòkunbọ̀, kó sì gbé ti àtijọ́ pamọ́ láti tún un ṣe nígbà tó bá ráyè. Onídípò sìmẹ́ńtì tí trailer ń tò dè lẹ́nu géètì lójoojúmọ́, tòkunbọ̀ náà ni, ṣùgbọ́n kó mú mẹkáníìkì rẹ̀ dání lọ sí ọjà. Onísọ́mìlì tó ní K21, K25, C240 tàbí 490, kó fi nọ́ńbà béèrè ẹ̀yà ara láti Ṣáínà, kó sì tún tirẹ̀ ṣe. Ẹni tó ní 1DZ tàbí S4S tó sì ju ẹyọ kan lọ, kó wá òkú kan rà.

Ní ti ẹni tí fọ́kílíìfù rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sì ní ìbátan, kó máa háyà. Kó ta èyí tó wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n kó tà á kí ẹnikẹ́ni tó tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Odidi fọ́kílíìfù tí kò ṣiṣẹ́ ṣì ní oníbàárà láàárín àwọn tó ń wá òkú. Èyí tí wọ́n ti tú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ń ra irin pàǹtí nìkan ló máa ń bá a dúnàádúrà, kílò kílò sì ni.